Tábìlì Ìkọ̀wé Tí Ó Jẹ́ Àpótí Kọ̀ǹpútà: Bí A Ti Ń Kàn Án

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo mú wá sí apá Yorùbá nínú ìwé ìròyìn wa ní àkókò yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí a ti lè kan tábìlì ìkọ̀wé kan tí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, yóò máa gbé inú rẹ̀, tí tábìlì náà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ́ àpótí fún ẹ̀rọ náà.

Púpọ̀ nínú wa, bí a bá parí ẹ̀kọ́ wa tí a sì padà sí ìlú wa, yálà ní Nàìjíríà ni o, tàbí ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, ní Gánà tàbí ní Sàró, ni a óò bá ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ pàdé. Bí irú ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún kan lè bá a lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé tí a óò kọ́ fún ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Kókó ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé àpótí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìbòjú. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, tí ó sì mọ ibi tí yóò gbà jáde, ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ó ti wù kí igi rẹ̀ dán tó, pósí ni ó kàn fún ẹ̀rọ náà.

1. KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTI IGI LÁTI ÀTIJỌ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tuntun ni kí kọ̀ǹpútà àti tábìlì di ọ̀kan náà. Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ Librascope ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní LGP-30. Ẹ̀rọ náà tóbi tó tábìlì ọ̀gá ọ́fíìsì, ó sì wúwo tó 800 pọ́n-ùn, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 360 kílò.

Ní ọdún 1976, Steve Wozniak àti Steve Jobs bẹ̀rẹ̀ sí ta kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Apple-1. Mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò wá àpótí fún un, tí yóò sì wá ohun ìtẹ̀wé àti ohun tí yóò máa fún un ní iná. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó rà á fi igi kan àpótí tiwọn, ọ̀kan nínú àwọn onígi wọ̀nyí sì ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington.

Ní ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín náà, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2011 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, tí wọ́n sì sọ ẹ̀rọ náà ní Jerry. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ní Àbíjàn, ní Lomé àti ní Kútọnu fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí kẹ́ẹ̀gì epo bá lè di ilé kọ̀ǹpútà, kí ni yóò dá tábìlì dúró? Ohun tí kẹ́ẹ̀gì kọ́ wa ni pé ẹ̀rọ náà kò béèrè ohun olówó iyebíye. Ààyè, afẹ́fẹ́ àti ààbò ni ó ń béèrè.

2. ÌWỌ̀N ÀWỌN Ẹ̀YÀ ARA RẸ̀

Gbẹ́nàgbẹ́nà rere kì í gé igi kí ó tó wọn ohun tí yóò gbé inú rẹ̀. Láti ọdún 1995 tí ilé-iṣẹ́ Intel ti gbé ìlànà tí a ń pè ní ATX jáde, ìwọ̀n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti di ọ̀kan náà káàkiri ayé, èyí sì mú kí iṣẹ́ wa rọrùn. Ẹ kọ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìwé yín:

(a) Mọ́dàbọ́ọ̀dù ATX ńlá: 305 mìlímítà ní gígùn, 244 mìlímítà ní ìbú. Èyí tí ó kéré sí i, tí a ń pè ní microATX: 244 ní gígùn, 244 ní ìbú.

(b) Páwà páàkì, èyí tí ó ń gba iná ilé tí ó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀yà yòókù: 150 mìlímítà ní ìbú, 86 ní gíga, 140 ní jíjìn. Àwọn kan jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ wọn tiyín kí ẹ tó gé igi.

(c) Fáànù tí ó wọ́pọ̀: 120 mìlímítà níhà méjèèjì, 25 ní nínípọn. Láti àárín ihò síkúrù kan sí àárín ìkejì jẹ́ 105 mìlímítà.

Mo gba ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣe iṣẹ́ yìí nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe ju àpótí irin àtijọ́ nù. Nínú rẹ̀ ni páànù pẹlẹbẹ kan wà tí a fi síkúrù de mọ́dàbọ́ọ̀dù mọ́. Bí a bá fi ayùn irin gé páànù náà jáde pẹ̀lú apá ẹ̀yìn àpótí, níbi tí ojú ihò wáyà gbogbo wà, tí a sì dè é mọ́ ara igi, a ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Ẹ kíyè sí àwọn òpó kékeré onídẹ tí ó wà lára páànù náà, tí gíga wọn tó nǹkan bí 6 mìlímítà. Orí wọn ni mọ́dàbọ́ọ̀dù ń jókòó lé. Bí ẹ̀yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù bá fi ara kan páànù níbi tí kò yẹ, iná yóò gba ibi tí kò yẹ, ẹ̀rọ náà sì lè kú lójú ẹsẹ̀.

3. IBI TÍ YÓÒ WÀ NÍNÚ TÁBÌLÌ

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ti èkíní ni pé kí a tẹ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ ojú tábìlì bí ẹni tẹ́ ẹja sínú àwo, kí a sì fi dígí bò ó. Ó dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n yàrá bẹ́ẹ̀ yóò nípọn tó 15 sẹ̀ntímítà, kò sì ní jẹ́ kí orúnkún ẹni tí ó jókòó ráàyè. Lẹ́yìn èyí, bí ọmọ kan bá da omi sórí tábìlì, orí ẹ̀rọ gan-an ni omi náà yóò wá.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a kàn án sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, níbi tí a máa ń kan dúrọ́ọ̀ sí. Èyí ni èmi yàn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a rán mi lọ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ọmọ kíláàsì mẹ́fà. Ìpáàrà ti jẹ àpótí irin rẹ̀, ọmọńlé sì ti ń wọ inú rẹ̀ lọ sùn. Èmi àti bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní àdúgbò náà ni a jùmọ̀ kan tábìlì tuntun fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Èmi mọ ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Bàbá mọ ohun tí igi ń fẹ́.

Tábìlì náà ga ní 75 sẹ̀ntímítà. Yàrá ẹ̀rọ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Inú yàrá náà jẹ́ 22 sẹ̀ntímítà ní ìbú, 50 ní jíjìn, àti nǹkan bí 55 ní gíga. A gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀ ní 15 sẹ̀ntímítà, kí omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ má baà kàn án, kí eruku tí ìgbálẹ̀ ń rú sókè má sì wọ inú rẹ̀. Páwà páàkì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mọ́dàbọ́ọ̀dù sì dúró lórí rẹ̀, ó fara ti ògiri inú. Kí àwọn méjèèjì má ṣe jìnnà sí ara wọn, nítorí wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ kì í sábà gùn ju 60 sẹ̀ntímítà lọ. Wáyà SATA tí ó ń lọ sí ibi ìpamọ́ ìwé kò sì gbọdọ̀ ju mítà kan lọ.

4. IGI TÍ A ÓÒ LÒ

Ibi tí ikán bá wà, igi ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè. Ìrókò, tí àwọn ará Gánà ń pè ní odum, àti igi apá le, ikán kì í sì í tètè jẹ wọ́n; ẹ fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Afàrà fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi kan ilẹ̀. Fún ògiri yàrá ẹ̀rọ, pákó plywood tí ó nípọn ní 18 mìlímítà dára jù lọ, nítorí kì í yí tàbí kí ó là bí ọyẹ́ bá dé bí pákó tútù ti ń ṣe. Pákó kan ṣoṣo, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 2,440 mìlímítà tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 1,220, lè tó fún ojú tábìlì àti yàrá náà bí ẹni tí ó ń gé e kò bá fi ìkánjú ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5. Ọ̀NÀ AFẸ́FẸ́

Ìhín ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa wà. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ ni ó ń padà di ooru. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò máa kórajọ sínú àpótí. Púpọ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ òde òní máa ń dẹ ìrìn ara wọn nígbà tí ooru wọn bá súnmọ́ 100 díígírì Celsius; bí ooru bá sì ń gòkè sí i, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Irin a máa gbé díẹ̀ nínú ooru náà gba ara rẹ̀ jáde. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi igi ṣe èèkù ọ̀bẹ, tí ó sì fi jẹ́ pé àpótí igi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ju àpótí irin lọ.

Níbi tí a dé yìí ni èmi àti bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe àríyànjiyàn. Bàbá fẹ́ kí a ti ẹ̀yìn yàrá náà pa pátápátá. Ó ní, “Tíṣà, ọyẹ́ ń bọ̀. Bí a bá dá ihò sí i, eruku ni yóò jẹ ẹ́ pa.” Mo ní, “Òótọ́ ni ẹ sọ, bàbá, ṣùgbọ́n ooru yóò ti pa á kí ọyẹ́ tó dé.” Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Eruku a máa bo fáànù àti irin tí ó ń tu ọpọlọ ẹ̀rọ lára bí aṣọ òtútù, ooru yóò sì há sábẹ́ rẹ̀. A gbà pé kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dájọ́. A fi pákó dí ẹ̀yìn rẹ̀, a tàn án, a sì ń wo ìwọ̀n ooru ọpọlọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà. Ní 20 ìṣẹ́jú, ó ti gun láti 48 díígírì dé 83, kò sì tíì dúró. A yọ pákó náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 59. Bàbá wò ó títí, ó ní, “Ó dára. Ẹ wá sọ bí a óò ti ṣe eruku.”

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: kí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé pọ̀ ju èyí tí fáànù ń lé jáde lọ. A fi fáànù méjì sí iwájú ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. A fi ẹyọ kan sí ẹ̀yìn ní òkè, ó ń lé e jáde, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń lọ. Páwà páàkì ń gba afẹ́fẹ́ tirẹ̀ láti inú ihò mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń tú u jáde sí ẹ̀yìn. Nígbà tí èyí tí ń wọlé bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà yóò kún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tí a tẹ̀, yóò sì máa tú jáde ní gbogbo ibi tí igi kò ti pàdé dáadáa. Eruku kò lè gba ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń tú jáde wọlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò kù fún un, ẹnu ọ̀nà iwájú nìyẹn, níbẹ̀ ni a sì ti na nẹ́ẹ̀tì dè é.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ẹnu ọ̀nà náà. Ihò tí a gé fún fáànù kan jẹ́ 11.5 sẹ̀ntímítà láti etí kan dé èkejì, nítorí náà ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 104 sẹ̀ntímítà onígun-mẹ́rin. Fáànù méjì yóò jẹ́ 208. Ṣùgbọ́n okùn nẹ́ẹ̀tì àti eruku tí ó bá mú a máa dí ọ̀nà, nítorí náà a sọ ẹnu ọ̀nà di ìlọ́po méjì, 416. A gé e ní 20 sẹ̀ntímítà ní ìbú àti 21 ní gíga, èyí tí ó jẹ́ 420. Orí férémù kékeré ni a na nẹ́ẹ̀tì náà lé, kí ọmọ tí iṣẹ́ bá kàn lè yọ ọ́, kí ó gbọ̀n ọ́n, kí ó sì dá a padà láìlo síkúrù. Nígbà ọyẹ́, ó yẹ kí a máa gbọ̀n ọ́n ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun méjì kò gbọdọ̀ bọ́ lórí yín. Èkíní, fáànù ní iwájú àti ẹ̀yìn: apá tí ẹ bá ti rí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di àárín rẹ̀ mú ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde. Èkejì, ẹ má ṣe gbé tábìlì náà ti ògiri. Ẹ fi àyè bí 15 sẹ̀ntímítà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ mú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ sún un mọ́ gbogbo ojú ìpàdé igi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Níbi nẹ́ẹ̀tì, òwú náà gbọ́dọ̀ fà sínú. Níbòmíràn gbogbo, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ síta. Ibi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

6. IṢỌ́RA NÍPA INÁ

Iná tí ń wọ inú páwà páàkì jẹ́ nǹkan bí 230 fóólìtì, ó sì lè pa ènìyàn. Èyí tí ń ti inú rẹ̀ jáde lọ sí ara ẹ̀rọ kò ju 12, 5 àti 3.3 lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tú páwà páàkì rárá, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí iná a máa sápamọ́ sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Igi kì í gbé iná, èyí kò sì túmọ̀ sí pé tábìlì wa kò léwu. Àpótí irin ní ọ̀nà tí iná tí ó bá ṣìnà ń gbà wọ ilẹ̀ lọ. Àpótí igi kò ní in àyàfi bí a bá ṣe é sí i. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi páànù àtijọ́ náà sínú. Ẹ fi síkúrù irin de páwà páàkì mọ́ ọn gbọnyin-gbọnyin, kí wáyà ilẹ̀ tí ó wà nínú okùn iná lè kan gbogbo irin tí ó wà nínú yàrá náà. Ní Nàìjíríà àti Gánà, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń lò jù lọ, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà sì ni ti ilẹ̀. Ẹ̀yin ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí irin kékeré kan yọ síta nínú rẹ̀. Irin náà ni ti ilẹ̀. Ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì kankan kí ó lè wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ara ènìyàn pàápàá a máa mú iná dání, bí ẹ ti ń rí i nígbà tí ẹ bá bọ́ aṣọ lóru. Ìwọ̀nba iná yìí tó láti ba mọ́dàbọ́ọ̀dù jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan irin tí kò ní ọ̀dà lára páwà páàkì kí ẹ tó fi kan ohunkóhun mìíràn.

Ní ti bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ, kò sí ìbẹ̀rù. Wáyà méjì péré ni, iná inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ohun tí ó sì ń ṣe kò ju kí ó so méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́tìnnì agogo ẹnu ọ̀nà ni a lò fún tiwa, a sì dè é mọ́ etí tábìlì níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

7. ÌLÒ RẸ̀ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

A fi dígí sí apá òkè ilẹ̀kùn yàrá náà, a sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Nítorí dígí yìí, àwọn ọmọ ń rí fáànù bí ó ti ń yí, wọ́n sì mọ ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ wà. Kí tábìlì yìí tó dé, wọ́n ti máa ń sọ pé òyìnbó ni ó wà nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ni pé kí ni ó dé tí òwú fi ń fẹ́ síta níhìn-ín tí ó sì ń fà sínú lọ́hùn-ún. Olùkọ́ tí ọmọ bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà náà wà nínú kíláàsì yìí, òun sì ni ó ń bójú tó nẹ́ẹ̀tì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìdí tí àpótí igi fi ń fẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ju àpótí irin lọ?

2. Bí ihò fáànù kan bá jẹ́ 14 sẹ̀ntímítà láti etí kan dé èkejì, kí ni ìwọ̀n ojú rẹ̀? Bí fáànù bá jẹ́ méjì, tí a sì sọ ẹnu ọ̀nà di ìlọ́po méjì nítorí nẹ́ẹ̀tì, báwo ni ẹnu ọ̀nà náà yóò ti tóbi tó?

3. Ẹnì kan fi fáànù kan fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì fi mẹ́ta lé e jáde. Níbo ni eruku yóò gbà wọ inú àpótí rẹ̀? Báwo ni òwú yóò ti fi èyí hàn?

4. Kọ orúkọ igi mẹ́ta tí ikán kì í tètè jẹ ní ìlú rẹ, ní èdè ìlú rẹ àti ní èdè Yorùbá bí o bá mọ̀ ọ́n.

5. Ya àwòrán tábìlì tí ìwọ yóò kàn fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí o sì fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà láti ìgbà tí ó bá wọlé títí di ìgbà tí yóò jáde.